Ọwọ́ Kan Kò Gbé Igbá Dé Orí: Ààyè Iṣẹ́ Ọnà Nínú Ẹ̀kọ́ Ọmọdé

Nígbà tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bá jáde ní Kétu, kì í ṣe àgbàlagbà nìkan ni kì í fojú ba oorun. Àwọn ọmọdé pẹ̀lú yóò jókòó sí etí agbo, ojú wọn yóò sì là kedere títí Ẹ̀fẹ̀ yóò fi kọrin mọ́jú. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tán, kò ṣòro láti rí ọmọ ọdún mẹ́jọ kan ní ẹ̀yìnkùlé, tí ó mú èédú lọ́wọ́, tí ó dojú kọ ògiri. Ó ya ojú ènìyàn. Ó ya gèlè lé e lórí. Ó ya ejò tí ó ká mọ́ gèlè náà, ó sì ya ẹyẹ tí ó fẹ́ ṣá ejò náà jẹ. Ó fi ojú ọ̀tún wé ojú òsì kí ọ̀kan má ba à tóbi ju èkejì lọ. Nígbà tí kò rí bí ó ti fẹ́, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún kúrò, ó sì tún un yà.

Bí bàbá rẹ̀ bá bá a níbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ bàbá yóò kọ́kọ́ sọ ni pé: "Ṣé o ti ṣe iṣẹ́ tí olùkọ́ fún ọ? Ìwé ni mo ní kí o lọ kà, n kò ní kí o wá ba ògiri mi jẹ́."

Bàbá náà kò ní èrò búburú. Ó ti ra aṣọ kakí, ó ti ra ìwé àti kálámù, ó sì mọ̀ pé ìdánwò CEP ń dúró de ọmọ náà níwájú. Ohun tí kò rí ni iṣẹ́ tí ọmọ náà ṣe lójú ògiri yẹn. Ọmọ náà rántí ohun tí ó rí ní òru. Ó wọn nǹkan, ó fi ọ̀kan wé èkejì. Ó rí àṣìṣe ara rẹ̀, ó sì tún un ṣe láìsí ẹni tí ó mú pàṣán dúró tì í. Gbogbo èyí ni olùkọ́ ń fẹ́ kí ó máa ṣe nínú kíláàsì.

Àwọn àgbà ní ọwọ́ kan kò gbé igbá dé orí. Ìwé kíkà àti ìṣirò jẹ́ ọwọ́ kan nínú ẹ̀kọ́ ọmọ. Iṣẹ́ ọnà ni ọwọ́ kejì. Bí ilé ìwé bá fi ọwọ́ kan ṣoṣo gbé igbá, igbá náà lè gbéra nílẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ dà nù.

Ẹ̀ka mẹ́fà ni ó wà nínú ètò

Ìjọba kò gbàgbé iṣẹ́ ọnà. Nínú ètò ẹ̀kọ́ tí orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tàn ká gbogbo ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1999, ẹ̀ka mẹ́fà ni wọ́n là sílẹ̀: èdè Faransé, ìṣirò, ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ, ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ, ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà, àti ẹ̀kọ́ eré ìdárayá. Àwọn tí ó ṣe ètò náà mọ̀ pé ọmọ ní orí, ó ní ọwọ́ àti ẹsẹ̀, ó sì ní ọkàn. Àwòrán yíyà, orin, ijó, àlọ́, ewì, eré orí ìtàgé àti aṣọ rírán, gbogbo wọn ni ó ní ààyè nínú ẹ̀ka karùn-ún.

Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ohun tí ó wà nínú ìwé, ọ̀tọ̀ ni ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú kíláàsì. Olùkọ́ tí ó ní ọmọ púpọ̀ níwájú, tí kò ní bébà àti ọ̀dà, tí ẹnikẹ́ni kò sì kọ́ ní bí wọ́n ti ń darí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kò lè ṣàì sá fún un. Bí ọmọ bá ti wọ CM2, wákàtí iṣẹ́ ọnà ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ yá lò fún ìṣirò, a kì í sì í dá a padà. Ní ibòmíràn, ẹ̀ka náà ti di orin kan àti ewì kan tí ọmọ kọ́ sórí bí ayékòótọ́ nígbà tí ìdánwò bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Ọmọ yóò dìde, yóò kà á, yóò jókòó. Kò dá ohunkóhun ṣe.

Àwọn òbí kì í sábà bínú sí èyí. Bí olùkọ́ kò bá kọ́ ọmọ ní ìṣirò fún oṣù kan, wọn yóò lọ bá ọ̀gá ilé ìwé. Bí kò bá kọ́ ọ ní iṣẹ́ ọnà fún ọdún kan, kò sí ẹni tí yóò béèrè. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ náà fi kan òbí bí ó ti kan olùkọ́.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ nílẹ̀

Àwọn àgbàlagbà tí ó lọ sí ilé ìwé nígbà ìjọba Faransé kò gbàgbé ohun tí wọ́n ń pè ní "signal". Ọmọ tí ó bá fi èdè ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú ọgbà ilé ìwé ni wọ́n máa ń so ó mọ́ ní ọrùn. Ọmọ náà yóò gbé e kiri títí yóò fi rí ẹlòmíràn tí ó ṣe irú àṣìṣe kan náà. Ìtìjú yìí kò dúró lórí èdè nìkan. Ọmọ tí wọ́n bá sọ fún pé èdè ilé rẹ̀ kò dára yóò gbà pé orin inú èdè náà kò dára, pé àlọ́ rẹ̀ kò dára, àti pé ère tí bàbá àgbà rẹ̀ gbẹ́ kò ní láárí.

Síbẹ̀, láàárín àwọn Faransé náà, àwọn kan rí i pé ọwọ́ kan kò tó. Ilé ẹ̀kọ́ William Ponty wà ní Senegal, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ àti àwọn akọ̀wé fún àwọn ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. Láti nǹkan bí 1930 sí 1940, wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa lo àkókò ìsinmi láti kọ ìtàn, àlọ́, orin àti àṣà ìlú wọn sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá padà dé, wọn a fi ohun tí wọ́n kó jọ ṣe eré orí ìtàgé. Àwọn ọmọ Dahomey, bí wọ́n ti ń pe Bẹ̀nẹ̀ nígbà náà, kó ipa ńlá nínú iṣẹ́ yìí. Ní ọdún 1937, ẹgbẹ́ òṣèré ilé ẹ̀kọ́ náà lọ ṣeré ní Paris, eré kan tí wọ́n ṣe níbẹ̀, tí ń jẹ́ Sokamé, sì jẹ́ ti àwọn ọmọ Dahomey. Èdè Faransé ni wọ́n fi ṣe é, ṣùgbọ́n ìtàn ilé ni wọ́n gbé lọ. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó jáde ní ilé ẹ̀kọ́ yìí ni ó wá di olùkọ́, òǹkọ̀wé àti olórí ìlú. Eré tí wọ́n ṣe kò dí wọn lọ́wọ́ ìwé kíkà.

Ní ọdún 1975, ìjọba Mathieu Kérékou gbé ètò École Nouvelle kalẹ̀. Ó fẹ́ kí ilé ìwé so mọ́ iṣẹ́ ọwọ́ àti àṣà orílẹ̀-èdè. Èrò náà ga, ṣùgbọ́n owó kò tó, olùkọ́ kò tó. Àwọn òbí sì ń ráhùn pé oko ni wọ́n ń kó ọmọ lọ dípò kíláàsì. Lẹ́yìn ìpàdé ńlá lórí ètò ẹ̀kọ́ ní ọdún 1990, wọ́n fi í sílẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kan wà nínú ìtàn yìí. Ẹni tí ó lé iṣẹ́ ọnà jáde kúrò ní ilé ìwé ṣìnà, ẹni tí ó bá sì fẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ gba ipò ìwé mọ́ ọn lọ́wọ́ yóò ṣìnà pẹ̀lú. Ọmọ tí ó ń lu ìlù láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, tí kò lè ka ìwé oògùn tí wọ́n kọ fún ìyá rẹ̀, ọwọ́ kan ni òun náà fi ń gbé igbá.

Ìṣirò wà nínú òfì, àmì ohùn wà nínú ìlù

Kí ni iṣẹ́ ọnà ń kọ́ ọmọ tí ìwé nìkan kò lè kọ́ ọ? Ìdáhùn wà ní ojúde.

Ẹni tí ó bá jókòó ti ahunṣọ nídìí òfì yóò gbọ́ ìṣirò. Bí ó bá fẹ́ kí ilà dúdú àti funfun tẹ̀ lé ara wọn, ó gbọ́dọ̀ ka òwú. Bí òwú funfun bá jẹ́ mẹ́jọ, tí dúdú jẹ́ mẹ́rin, tí ó sì tò wọ́n bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá, òwú mélòó ni yóò nílò? Ọgọ́fà ni. Ọmọ tí ó ń sọkún lórí ìsọdipúpọ̀ nínú ìwé lè rí i kedere nígbà tí ó bá to òwú náà fúnra rẹ̀. Bákan náà ni ọpọ́n ayò. Ihò 12 ni ó ní, ọmọ ayò 48 ni wọ́n sì ń pín sí i, mẹ́rin mẹ́rin. Ẹni tí ó ń ta ayò dáadáa ń ròpọ̀, ó ń yọ kúrò, ó sì ń ro ohun tí ẹnìkejì yóò ṣe kí ó tó ṣe é.

Onílù náà ní ohun tí ó lè fi ran olùkọ́ lọ́wọ́. Ẹni tí ó kọ́ ìwé Yorùbá ní àgbà mọ bí àmì ohùn ti le tó. "Ọkọ" ni ẹni tí ó gbé obìnrin níyàwó. "Ọkọ́" ni àgbẹ̀ fi ń ro oko. "Ọkọ̀" ni ó ń kó èrò lọ sí Kútọnu. Lójú bébà, ìlà kékeré kan ni ó ya àwọn mẹ́ta sọ́tọ̀, ojú sì lè fò ó. Lẹ́nu ìlù dùndún, etí kò lè ṣì wọ́n gbọ́, nítorí ohùn ìlù ń lọ sókè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó sì ń dúró ní àárín. Bí onílù bá wá sí kíláàsì fún wákàtí kan péré, tí ó lu ọ̀rọ̀, tí àwọn ọmọ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì rẹ̀, wọn kò ní gbàgbé ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà.

Àlọ́ náà kì í ṣe eré ọmọdé lásán. Ọmọ tí yóò pa àlọ́ ìjàpá gbọ́dọ̀ rántí bí ọ̀rọ̀ ti tẹ̀ léra. Ó gbọ́dọ̀ yí ohùn padà fún erin àti fún ehoro. Ó gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí orin wọlé, kí àwọn tí ń gbọ́ ọ lè gbè é. Olùkọ́ tí ó bá gbọ́n lè ní kí ọmọ náà pa á ní Yorùbá ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ní ọjọ́ kejì, ọmọ yóò pín bébà sí ojú mẹ́rin, yóò sì ya ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, ní àárín àti ní òpin. Ní ọjọ́ kẹta, yóò kọ gbólóhùn kan ní èdè Faransé sí abẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó mọ ohun tí ó fẹ́ sọ kò ní bẹ̀rù èdè tí yóò fi sọ ọ́.

Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gan-an ni ó wá so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ní ọdún 2001, UNESCO, àjọ àgbáyé tí ń bójú tó ẹ̀kọ́ àti àṣà, kéde pé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ jẹ́ ọ̀kan lára àwọn iṣẹ́ ńlá tí aráyé kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ó parun. Ní ọdún 2008, ó wọ ìwé àkọsílẹ̀ àjọ náà ní orúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò lápapọ̀. Iṣẹ́ tí ó wà nínú rẹ̀ pọ̀. Agbẹ́gilére ń mú ìtì igi kan ṣoṣo, ó ń pín in sí apá ojú àti apá orí. Ó gbọ́dọ̀ gbẹ́ inú rẹ̀ kí ó lè gba orí oníjó, kí ó má sì wúwo ju ohun tí ọrùn lè gbé nínú ijó lọ. Ohun tí ó bá gé dànù kò ṣe é lẹ̀ padà, nítorí náà ó ní láti ronú kí ó tó gé. Aránṣọ ń wá aṣọ. Akéwì ń kó ọ̀rọ̀ jọ láti fi bá aṣebi wí, láìjẹ́ pé ìjà bẹ́ sílẹ̀. Onílù ń pe ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ sì gbọ́dọ̀ dáhùn láìtàsé. Ìyálàṣẹ̀ ni olórí, nítorí pé àwọn ìyá ni wọ́n ń ṣe é fún. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó lè dá a ṣe. Ilé ìwé tí ó ń wá bí ọmọ yóò ṣe kọ́ sùúrù, ìrònú àti ìfọwọ́sowọ́pọ̀ kò nílò láti wá a lọ sí ọ̀nà jíjìn.

Bídọ̀n tí ó di ìtàn

Àwọn kan lè sọ pé nǹkan àtijọ́ ni gbogbo èyí. Ìtàn Romuald Hazoumè dá wọn lóhùn. Àjàṣẹ́ ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1962, ìran Yorùbá sì ni. Ohun tí gbogbo ènìyàn ń rí ní ojú ọ̀nà lójoojúmọ́ ni ó mú, ìyẹn bídọ̀n tí àwọn alùpùpù fi ń kó epo ọkọ̀ wọlé láti Nàìjíríà. Ó wo ẹnu bídọ̀n, ó rí ẹnu ènìyàn. Ó wo ibi ìdìmú rẹ̀, ó rí imú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọ́n ṣe ìbòjú.

Láàárín ọdún 1997 sí 2005, ó ṣe iṣẹ́ kan tí ó pè ní La Bouche du Roi, orúkọ ibi kan ní etí òkun Bẹ̀nẹ̀, níbi tí wọ́n ti kó àwọn ẹrú wọ ọkọ̀ nígbà kan rí. Bídọ̀n 304 ni ó tò sílẹ̀ ní ìrísí ọkọ̀ ojú omi tí ó kún fún ènìyàn. Ní ọdún 2007, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé British Museum ní Lọ́ńdọ̀n rà á, wọ́n sì fi hàn àwọn ará ìlú ní àjọ̀dún 200 ọdún tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de òwò ẹrú. Àwọn tí ó wò ó rí ẹrú àtijọ́, wọ́n sì rí ọ̀dọ́mọkùnrin òde òní tí ó ń fi ẹ̀mí wewu nítorí oúnjẹ òòjọ́.

Ẹ̀ka mélòó nínú ètò ẹ̀kọ́ ni ó wà nínú bídọ̀n kan? Olùkọ́ lè ní kí àwọn ọmọ wọn iye lítà tí ó gbà, ìṣirò nìyẹn. Wọ́n lè sọ ìdí tí epo ọkọ̀ fi ń gbiná kíákíá, sáyẹ́ǹsì nìyẹn. Wọ́n lè gbọ́ ìtàn òwò ẹrú, kí wọ́n sì jíròrò lórí ewu tí ó wà nínú òwò epo, ẹ̀kọ́ àwùjọ nìyẹn. Lẹ́yìn náà, wọn yóò gé e, wọn yóò kùn ún, wọn yóò sì kọ orúkọ sí i. Ohun kan ni kí olùkọ́ ṣọ́ra fún: bídọ̀n tí ó ti gbé epo ọkọ̀ rí kò yẹ fún ọwọ́ ọmọdé. Ti òróró tàbí ti omi, tí wọ́n fọ̀ dáadáa, ni kí wọ́n lò.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, Faransé dá ohun ìṣúra 26 padà fún Bẹ̀nẹ̀, èyí tí àwọn ọmọ ogun wọn kó lọ láti ààfin Àgbómẹ̀ ní 1892. Nígbà tí wọ́n pàtẹ wọn ní Kútọnu ní 2022, àwọn ènìyàn tò lọ wò wọ́n, omijé sì bọ́ lójú àwọn mìíràn. Púpọ̀ nínú àwọn ohun ìṣúra náà jẹ́ igi gbígbẹ́: ère, ìtẹ́, ilẹ̀kùn. Ìlú tí ó yọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nítorí pé iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba ńlá padà wálé kò gbọdọ̀ máa na ọmọ tí ó mú èédú ya àwòrán.

Ohun tí ó ń ba àwọn òbí lẹ́rù

Ẹ̀rù àkọ́kọ́ ni ti àkókò. Àwọn òbí rò pé wákàtí tí ọmọ bá fi kọrin ti sọnù kúrò nínú wákàtí ìwé. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó rẹ̀ kò gbọ́ ohun tí olùkọ́ ń sọ mọ́, bí ó tilẹ̀ jókòó síbẹ̀ títí di alẹ́. Àgbẹ̀ mọ̀ pé ilẹ̀ tí ó ń so àgbàdo ní ọdọọdún láìsinmi yóò ṣá. Bí ó bá gbin ẹ̀wà sí i, ilẹ̀ náà yóò tún lágbára, yóò sì tún mú oúnjẹ jáde.

Ẹ̀rù kejì ni ti owó. Lóòótọ́, ọ̀dà àti bébà tí ó dára wọ́n. Ṣùgbọ́n amọ̀ wà ní etí odò, èédú wà ní ìdáná, gbangidi igbá wà ní oko, àjákù aṣọ sì wà lábẹ́ ẹ̀rọ aránṣọ. Àwọn amọ̀kòkò àti àwọn tí ń fín igbá kò dúró de ọjà tí ó ti òkè òkun wá kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ẹ̀rù kẹta ni ti ẹ̀sìn, òun ni ó sì gba ìfarabalẹ̀ jù. Kristẹni kan lè sọ pé òun kò fẹ́ kí ọmọ òun bọ òrìṣà. Mùsùlùmí kan lè sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ó ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ náà lè sọ pé àwọn kò fẹ́ kí ilé ìwé fi ohun àwọn ṣe ẹ̀fẹ̀. Gbogbo wọn ni ó ní ìdí. Ohun tí ó jẹ́ ti awo, kí ó wà lọ́dọ̀ awo. Ẹni tí ó ni nǹkan ni kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a ti ń gbẹ́ ẹyẹ lára igi, bí a ti ń pa àlọ́, bí a ti ń lu ìlù kí ohùn rẹ̀ lè bára mu, kò sí ẹ̀sìn tí ó ni wọ́n. Ẹ wo Mọ́ṣáláṣí Ńlá Àjàṣẹ́. Àwọn ìdílé Mùsùlùmí tí ó ti Brazil padà wá ní ọwọ́ nínú kíkọ́ ọ, wọ́n sì kọ́ ọ ní ìrísí àwọn ilé ìjọsìn Kristẹni tí ó wà ní Bahia. Ọwọ́ oníṣẹ́ ọnà ni ó gbé ọnà náà sọdá òkun, Mùsùlùmí sì ń kírun nínú rẹ̀. Kíláàsì tí ó bá lọ ya àwòrán mọ́ṣáláṣí náà yóò kọ́ ìtàn, yóò sì kọ́ bí ìlà àti igun ti ń bára mu.

Ẹ̀rù kẹrin ni ti oúnjẹ òòjọ́. Àwọn kan ní ọmọ tí ó bá fẹ́ràn àwòrán yóò di tálákà. Wọ́n gbàgbé pé télọ̀ gbọ́dọ̀ ya aṣọ kí ó tó gé e, pé bíríkìlà gbọ́dọ̀ lè ka àwòrán ilé, pé ẹni tí ń kọ pátákó sí iwájú ṣọ́ọ̀bù ń fi ọwọ́ rẹ̀ jẹun. Gbogbo ọmọ kọ́ ni yóò di agbẹ́gilére, gẹ́gẹ́ bí gbogbo ẹni tí ó kọ́ ìṣirò kò ṣe di oníṣirò. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ó ti kọ́ láti ṣe nǹkan, àti ojú tí ó ti kọ́ láti wo nǹkan, yóò wúlò nínú iṣẹ́ èyíkéyìí.

Ohun tí ìlú lè ṣe

Ohun àkọ́kọ́ wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ òbí akẹ́kọ̀ọ́. Nígbà ìpàdé, kí wọ́n béèrè ohun tí kò sí ẹni tí ń béèrè: wákàtí mélòó ni àwọn ọmọ fi ń ṣe iṣẹ́ ọnà lọ́sẹ̀, kí sì ni wọ́n ṣe? Kì í ṣe láti fi dá olùkọ́ lẹ́jọ́. Ó yẹ kí wọ́n fi kún un pé: "Irú ìrànlọ́wọ́ wo ni ẹ fẹ́?"

Ohun kejì wà lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Kò sí ìlú kan, láti Kétu dé Sábẹ̀, láti Pọ́bẹ̀ dé Sàkété, tí kò ní ahunṣọ tàbí amọ̀kòkò, onílù tàbí aránṣọ. Olùkọ́ kò lè mọ gbogbo iṣẹ́, kò sì yẹ kí ojú tì í. Bí oníṣẹ́ kan bá wá fún wákàtí kan lóṣù, tí olùkọ́ jókòó tì í tí ó ń so iṣẹ́ náà mọ́ ohun tí ó wà nínú ìwé, àwọn ọmọ yóò rí i pé ìmọ̀ bàbá wọn àti ìmọ̀ olùkọ́ kì í ṣe ọ̀tá.

Ohun kẹta wà lọ́wọ́ àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìwé kà. Àwọn ìyá àti bàbá tí ó kọ́ ìwé Yorùbá ní kíláàsì àgbà ní agbára kan tí wọn kò ní tẹ́lẹ̀. Ìyá àgbà tí ó mọ àlọ́ ogún kò lè kọ ọ̀kan sílẹ̀, ọmọ ilé ìwé tí ó mọ̀ ọ́n kọ kò sì mọ àlọ́. Àgbà tí ó mọ ìwé kà ni ó dúró ní àárín àwọn méjèèjì. Kí ó lọ jókòó ti ìyá àgbà ní alẹ́, kí ó kọ àlọ́ kan sílẹ̀ bí ó ti gbọ́ ọ, pẹ̀lú orin inú rẹ̀, kí ó sì mú un lọ fún olùkọ́. Àlọ́ kan lóṣù yóò di méjìlá lọ́dún. Bí ènìyàn mẹ́wàá bá ṣe bẹ́ẹ̀ ní abúlé kan, ilé ìwé yóò ní ìwé tí kò sí ní ọjà. Irú iṣẹ́ tí wọ́n fi rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ William Ponty nìyí, ṣùgbọ́n nígbà yìí, èdè ilé ni wọn yóò fi kọ ọ́.

Ohun kẹrin ni kí ìlú ní ọjọ́ kan ní ìparí ọdún ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọ yóò fi iṣẹ́ wọn hàn: àwòrán, ìkòkò, aṣọ, orin, eré. Kí wọ́n yin ọmọ tí iṣẹ́ rẹ̀ dára ní gbangba, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń yin ẹni tí ó gba ipò kìn-ín-ní. Nígbà mìíràn, ọmọ tí ó wà ní ìsàlẹ̀ kíláàsì nínú ìwé ni yóò wà ní iwájú lọ́jọ́ náà. Láti ọjọ́ yẹn lọ, yóò mọ̀ pé òun náà ní orí pípé. Ìgboyà yẹn a máa bá ọmọ padà sí ìdí ìṣirò.

Ohun karùn-ún kò ná ẹnikẹ́ni ní sẹ́fà kan. Ó wà ní ẹ̀yìnkùlé, níbi tí ọmọ ọdún mẹ́jọ mú èédú lọ́wọ́. Iṣẹ́ tí olùkọ́ fún un ṣì wà níbẹ̀, yóò sì ṣe é kí ilẹ̀ tó ṣú. Kí bàbá kọ́kọ́ sún mọ́ ògiri. Kí ó wo ojú náà, gèlè náà, ejò náà àti ẹyẹ náà, kí ó sì bi ọmọ náà pé: "Ta ni èyí? Kí ni ẹyẹ yìí ń wá lọ́dọ̀ ejò?" Ọmọ náà yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé.